Bẹ́ ẹ ṣe máa gbin bọ́ọ̀bù òdòdó ìgbà ìrúwé tí á fi tanná lóòótọ́

Ẹjọ́ kan náà ni mo máa ń gbọ́ ṣáá. Èèyàn á ra bọ́ọ̀bù, ìyẹn ìdí òdòdó tó rí bí àlùbọ́sà tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kó lè hù, á ra ti tulip, á ra ti daffodil (orúkọ òdòdó ni méjèèjì), á gbìn ín, á dúró títí gbogbo ìgbà òtútù á fi kọjá, ìgbà ìrúwé á dé, ewé nìkan lá yọ, tàbí kó má tiẹ̀ sí nǹkan kan tó hù rárá, ló bá ní ọwọ́ òun ò dáa fún ọ̀gbìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bọ́ọ̀bù tó dáa, òdòdó ti wà nínú ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ la tulip kan láti orí dé ìdí nígbà ìwọ́wé, ẹ máa rí i láàárín gbùngbùn, òdòdó kékeré kan tó ti pé pérépéré, ó kàn ń retí òtútù ni. Iṣẹ́ wa ò ju ká má ba èyí tó ti ní lọ́wọ́ jẹ́. Ohun tó sì ń bà á jẹ́ ò pọ̀: omi tó dúró sí ìdí ẹ̀, ooru nígbà tó yẹ kó wà nínú òtútù, ihò tí ò jìn tó, àti kéèyàn máa kánjú gé ewé.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá sílẹ̀

- Bọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀: tulip, daffodil, crocus, hyacinth, muscari, snowdrop, èyí tó bá wù yín
- Ṣọ́bìrì, àti èyí kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò lọ́wọ́
- Rúlà, tàbí igi tẹ́ ẹ ti fàlà sí lára ní sẹ̀ǹtímítà 5, 10, 15 àti 20
- Kọ̀ǹpóòsì, ìyẹn ajílẹ̀ ewé àti koríko, tó ti jẹrà dáadáa, àti òkúta wẹ́wẹ́ tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ alámọ̀
- Wáyà onínẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ
- Ìbọ̀wọ́
- Garawa omi, àti igi pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ máa kọ orúkọ sí

Ẹ má fojú kékeré wo ìbọ̀wọ́ yẹn o, hyacinth máa ń yún èèyàn lára gan-an, tẹ́ ẹ bá wá fi ọwọ́ yẹn kan ojú tàbí ọrùn, ẹ máa họra títí.

Ìkìlọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn. Ẹ má tọ́jú bọ́ọ̀bù sí ilé ìdáná. Daffodil jọ àlùbọ́sà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ti gé e sínú ọbẹ̀ rí, májèlé ló sì wà nínú ẹ̀, ẹ má rò pé síse á pa májèlé yẹn. Tulip àti hyacinth náà ò dáa fún jíjẹ, pàápàá fún ajá àti ológbò tó bá fẹ́ràn kí wọ́n máa hú nǹkan jẹ. Ẹ kọ orúkọ sára àpò ẹ̀ gàdàgbà, kẹ́ ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò ti lè tó o.

1. Ẹ ṣa bọ́ọ̀bù tó le, tó sì wúwo

Ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára páálí, bíi 11/12 tàbí 12+, sẹ̀ǹtímítà yíká ìbàdí bọ́ọ̀bù ni. Tulip tó bá jẹ́ 12+ ló tóbi jù, òun ló sì máa ń fún èèyàn ní òdòdó tó lágbára jù. Àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà pọ̀ tà ní ọ̀pọ̀ lówó pọ́ọ́kú, ewé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa mú jáde lọ́dún àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ "tèmi ò tanná" ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ẹ̀ tó pẹlẹbẹ yẹn, níbi tí gbòǹgbò ti ń jáde. Tó bá rọ̀ tó ń wọlé, ó ti ń jẹrà nínú, ẹ sọ ọ́ nù, kẹ́ ẹ má fi í sáàárín àwọn tó kù. Tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bí èyí tí ò ní nǹkan nínú, ó ti gbẹ nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé èèpo ẹ̀ ló ń bó, tàbí ẹ rí nǹkan bíi lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé díẹ̀ lára èèpo náà, tí inú sì le koko, kò burú, ẹ nù ún kúrò kẹ́ ẹ gbìn ín. Daffodil tó ní orí méjì tàbí mẹ́ta lórí ìdí kan ṣoṣo, ẹ má ya wọ́n o, orí kọ̀ọ̀kan ló lè mú òdòdó tiẹ̀ wá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* èyí tẹ́ ẹ ṣà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ le látòkè délẹ̀, kó wúwo bó ṣe tóbi mọ, kó má sì rùn.

2. Ẹ dúró de àsìkò ẹ̀

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bọ́ọ̀bù máa ń dé ọjà nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbóná, èèyàn á ra á lónìí á rì í mọ́lẹ̀ lọ́la. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tutù wá sísàlẹ̀ 15°C kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Tẹ́ ẹ bá ní tẹmọmítà tó ṣeé kì bọ ilẹ̀, ẹ kì í wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 15 láàárọ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tó sọ. Tẹ́ ò bá ní, ẹ wo àwọn igi: tí ewé bá ti ń pọ́n tó ń já bọ́, àsìkò ti ń tó nìyẹn.

Ní apá àríwá ayé, daffodil, crocus àti snowdrop ló máa ń ṣáájú, oṣù September sí October, torí wọ́n máa ń tètè ta gbòǹgbò. Tulip ní tiẹ̀ lè dúró di ìparí October tàbí November. Mo fẹ́ràn kí tulip pẹ́ díẹ̀ dáadáa, torí àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní tulip fire, tó máa ń lọ́ ewé pọ̀, tó sì máa ń sọ ọ́ di alábàwọ́n bíi pé iná rà á, kì í fi bẹ́ẹ̀ ráàyè tí ilẹ̀ bá ti tutù gan-an. Tó bá jẹ́ apá gúúsù ayé lẹ wà, March sí May ni kẹ́ ẹ fọkàn sí.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù náà. Bọ́ọ̀bù nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 láti ta gbòǹgbò kí ilẹ̀ tó dì gbagidi. Lápapọ̀, ó nílò ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 nínú òtútù kí òdòdó inú ẹ̀ tó lè na ọrùn jáde. Bí òtútù ò bá pọ̀ tó lọ́dọ̀ yín, òdòdó á yọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kò ní ní igi tó máa gbé e sókè, tàbí kó má yọ rárá.

Ẹni tó bá ń gbé níbi tí òtútù ibẹ̀ ò le tó, firíìjì ni kó lò. Ẹ fi bọ́ọ̀bù sínú àpò pépà, ẹ gbé e sínú firíìjì níbi tó wà láàárín 2°C sí 9°C, kó wà níbẹ̀ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12 fún tulip, kẹ́ ẹ wá gbìn ín tààrà láti firíìjì sínú ilẹ̀. Kì í ṣe inú fíríísà o, ìyẹn á pa á. Ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ápù tàbí èso èyíkéyìí tó ń pọ́n lọ́wọ́, nítorí gáàsì kan wà tó máa ń jáde lára èso, ethylene lorúkọ ẹ̀, ó máa pa òdòdó inú bọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé bọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ kú, ẹ máa gbìn ín tán ẹ máa rí ewé, ẹ ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára àpò yẹn náà pé kì í ṣe oúnjẹ.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á tí àsìkò ò tíì tó, àpò pépà ni, níbi tó tutù, tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, ó máa làágùn, á jẹrà. Tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé ẹ̀ títí ó fi di January, tí ṣọ́bìrì ṣì lè wọ ilẹ̀, ẹ gbìn ín bẹ́ẹ̀, ẹ má tọ́jú ẹ̀ dé ọdún tó ń bọ̀, kì í ṣe irúgbìn tó lè gbé inú àpò fún ọdún kan.

3. Ẹ dán ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò kankan

Tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo lẹ fẹ́ mú nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ẹ mú eléyìí. Omi tó dúró ló ń pa bọ́ọ̀bù ju òtútù lọ.

Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà lọ pátápátá. Ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ki rúlà bọ̀ ọ́, ẹ wo ibi tí omi wà, kẹ́ ẹ wá padà wá lẹ́yìn wákàtí kan. Tí omi bá ti fà tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ yẹn dáa. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì ẹ ṣì ń rí omi nísàlẹ̀ ihò, ẹ má gbin nǹkan kan síbẹ̀ bó ṣe wà yẹn.

Oòrùn ńkọ́? Wákàtí 6 lóòjọ́ ló dáa jù. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi tó máa ń wọ́wé kì í ṣe wàhálà, torí pé kí igi yẹn tó rúwé padà, crocus àti daffodil á ti jẹ oòrùn tiwọn tán.

4. Ẹ tún ilẹ̀ ṣe

Ẹ tú ilẹ̀ náà tó sẹ̀ǹtímítà 30, kẹ́ ẹ ṣa gbòǹgbò koríko àti òkúta ńlá kúrò, kẹ́ ẹ da kọ̀ǹpóòsì mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ alámọ̀, ẹ po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ *gbogbo* ilẹ̀ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Mo tẹnu mọ́ "gbogbo" nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á bu yanrìn sí ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní omi á máa gba ibẹ̀ lọ. Kò ní gba ibì kankan lọ! Amọ̀ ló yí i ká, omi á kàn rọ́ sínú ihò yẹn ni, bọ́ọ̀bù á sì jókòó lé e lórí. Tí amọ̀ bá le jù, ẹ ṣe ebè gíga, ó rọrùn ju kéèyàn máa bá ilẹ̀ jà lọ.

Ẹ má lo ìgbẹ́ ẹran tí ò tíì jẹrà, ó máa jó bọ́ọ̀bù. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n máa bu ajílẹ̀ eegun lílọ̀ sínú ihò. Èmi ò fara mọ́ ọn lọ́dún àkọ́kọ́: bọ́ọ̀bù ti gbé oúnjẹ ẹ̀ dání, òórùn eegun yẹn sì máa ń pe ajá wá hú gbogbo ẹ̀ síta.

5. Ẹ gbìn ín

Òfin tó rọrùn ni pé kí ihò jìn tó ìlọ́po mẹ́ta gíga bọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà gan-an:

- Tulip: sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20
- Daffodil: nǹkan bíi 15, èyí tó tóbi lè jù bẹ́ẹ̀ lọ
- Hyacinth: 10 sí 15
- Crocus àti muscari: 8 sí 10
- Snowdrop: nǹkan bíi 10

Láti ojú ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ihò lẹ máa wọ̀n, kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lóòótọ́, ẹ má fojú díwọ̀n, torí ojú máa ń tan èèyàn, ohun tẹ́ ẹ pè ní 15 lè jẹ́ 8. Bọ́ọ̀bù tó bá wà lókè jù, oòrùn á máa gbóná dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ á rí i hú, á sì máa pín ara ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tí ìkankan nínú wọn ò ní lè mú òdòdó wá.

Orí tó ṣóńṣó lókè, ìdí pẹlẹbẹ nísàlẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ èwo ni orí, ẹ fi í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá ọ̀nà ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ gbé e jókòó pẹ̀lẹ́, ẹ má máa yí i bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, torí ìdí yẹn máa bó, ibẹ̀ ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Ẹ tún rí i dájú pé ìdí ẹ̀ kan ilẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń lu ihò máa ń ṣe ihò tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣóńṣó, bọ́ọ̀bù á há sáàárín, àyè á wà lábẹ́ ẹ̀, omi á sì kún ibẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ṣọ́bìrì nìyẹn: ẹ gbẹ́ kòtò fífẹ̀ kan, ẹ tẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ to bọ́ọ̀bù 10 tàbí 15 sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń yá, ó sì máa ń rẹwà jù nígbà tó bá tanná, àwọn tí wọ́n tò ní ìlà kan ṣoṣo bíi sójà kì í wù mí.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 fún àwọn ńlá, 5 sí 7 fún àwọn kéékèèké. Kí wọ́n má fara kan ara wọn, torí tí ọ̀kan bá jẹrà á kó ran èkejì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kẹ́ ẹ tó bò ó, ẹ ki rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀bù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ mì wọ́n díẹ̀. Èyí tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ìdí ẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀.

6. Ẹ bò ó, ẹ dáàbò bò ó

Ẹ da ilẹ̀ padà, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ má fẹsẹ̀ gún un. Ẹ bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ló máa jí gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà òjò á máa bá yín ṣe é, àfi tí ilẹ̀ bá gbẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku fẹ́ràn tulip àti crocus bí nǹkan míì. Ẹ tẹ́ wáyà onínẹ́ẹ̀tì sórí ilẹ̀ náà, ẹ fi òkúta tàbí ìkọ́ mú etí ẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ilẹ̀ tín-ínrín bò ó. Tí ojú nẹ́ẹ̀tì bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, ewé á gba àárín ẹ̀ kọjá. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ ká a kúrò gbàrà tẹ́ ẹ bá ti rí ẹnu ewé. Ẹ ṣa gbogbo èèpo bọ́ọ̀bù tó já sílẹ̀ níbẹ̀, torí òórùn ẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún wọn. Daffodil ní tiẹ̀, májèlé inú ẹ̀ ń ṣọ́ ọ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ẹ ri igi orúkọ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ò bá ṣe é, ẹ máa fi ṣọ́bìrì gé wọn sí méjì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin nǹkan míì síbẹ̀.

7. Tó bá jẹ́ inú ìkòkò lẹ fẹ́ gbìn ín sí

Ìkòkò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó ní ihò nísàlẹ̀. Ẹ po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ kọ̀ǹpóòsì. Ẹ lè tò ó ní ìpele: tulip nísàlẹ̀ pátápátá, daffodil tàbí hyacinth lórí ẹ̀, crocus lókè, pẹ̀lú ilẹ̀ láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa tanná tẹ̀léra tẹ̀léra. Nínú ìkòkò wọ́n lè súnmọ́ra díẹ̀ sí i. Ẹ gbé ìkòkò náà lé òkúta kéékèèké kí omi lè ráyè jáde, kẹ́ ẹ sì rántí pé òtútù máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò wọlé, tí òtútù bá le gan-an ẹ sún un mọ́ ara ògiri tàbí sínú ṣẹ́ẹ̀dì tí iná ìmúlé-gbóná ò sí. Ẹ má gbé e wọ inú ilé tó móoru o!

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ da omi sí i, kó tètè máa kán nísàlẹ̀.

8. Nígbà òtútù

Ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ewé tó yọ ẹnu ní January, ẹ má fòyà, kò sí ohun tí yìnyín máa ṣe fún un. Ẹ má hú u wò.

Tí ewé bá ti ga tó ìka ọwọ́ nígbà ìrúwé, ìgbà yẹn lẹ lè wá fi ajílẹ̀ sí i. Nínú àwọn èròjà ajílẹ̀, kí èyí tí wọ́n ń pè ní potash pọ̀, kí èyí tí wọ́n ń pè ní nitrogen kéré, torí nitrogen á sọ gbogbo ẹ̀ di ewé.

9. Lẹ́yìn tó bá tanná tán

Tí òdòdó bá ti rọ, ẹ já orí ẹ̀ kúrò kó má lọ fi agbára ẹ̀ ṣe èso, àmọ́ ẹ fi igi àti ewé sílẹ̀. Ewé yẹn ló ń se oúnjẹ òdòdó ọdún tó ń bọ̀. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6, tàbí kó ti pọ́n kó ti wó lulẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn ún wò. Àwọn kan á wá dì í bí irun, àwọn kan á fi rọ́bà so ó, ìkankan ò dáa nínú méjèèjì torí oòrùn ò ní ráyè kan ewé mọ́. Tó bá jẹ́ inú koríko lẹ gbìn ín sí, ẹ má gé koríko ibẹ̀ títí ọjọ́ yẹn á fi pé. Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ gbin nǹkan míì síwájú ẹ̀ tó máa rúwé bò ó mọ́lẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fa ewé náà pẹ̀lẹ́. Tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ wẹ́rẹ́, ó ti ṣe tán. Tó bá dì mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

10. Tó bá di ọdún kejì tí ò tanná mọ́

Tulip ńláńlá ọlọ́pọ̀ àwọ̀, ọdún àkọ́kọ́ ni agbára wọn máa ń mọ, ẹ má dá ara yín lẹ́bi, ẹ ra tuntun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó ń padà wá, ẹ béèrè fún Darwin Hybrid tàbí àwọn tulip kéékèèké inú igbó. Ibi tí tulip fire bá ti mú tulip yín, ẹ má gbin tulip síbẹ̀ fún ọdún 3.

Daffodil ní tiẹ̀ yẹ kó máa padà wá. Tí ewé ẹ̀ bá pọ̀ rẹpẹtẹ tí ò sí òdòdó, wọ́n ti há mọ́ra jù lábẹ́ ilẹ̀ ni, tàbí wọn ò jìn tó. Ẹ dúró kí ewé pọ́n, ẹ hú gbogbo ẹ̀, ẹ yà wọ́n pẹ̀lú ọwọ́, àwọn tó bá fúnra wọn jábọ́ nìkan, ẹ má fipá ya èyí tó ṣì dì mọ́ ìyá ẹ̀. Ẹ tẹ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ tún àwọn tó le gbìn ní sẹ̀ǹtímítà 15. Àwọn ńlá máa tanná ní ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀. Àwọn wẹ́wẹ́ lè tó ọdún 2 tàbí 3 kí wọ́n tó dàgbà tó, ẹ wá igun kan fún wọn níbi tẹ́ ò ti ní máa rìn kọjá.